Ogun Gbé Wọn Gòkè, Kòkó Sọ̀ Wọ́n Kalẹ̀

Ẹni tó bá dúró sí Àgọ́ Aláyè nítòsí Orè kò rí òkè kankan. Igbó, oko kòkó àti ọ̀pẹ ló yí ibẹ̀ ká, títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin sì ń gba Orè kọjá pẹ̀lú ariwo tirela. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́wàá bá háyà bọ́ọ̀sì kan ní ìdájí, tí wọ́n gba Oǹdó lọ, wọn yóò ti dé ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè kí oòrùn tó mú, wọn yóò sì padà sùn sílé wọn.

Ọmọ tó bá ti rí òkè ayọnáyèéfín lórí tẹlifíṣọ̀n kò ní ṣàì béèrè bóyá ọ̀kan nìyí. Rárá o, àmọ́ iná ló bí i. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àpáta yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ bí òrí àmọ́ tó wà lórí ààrò. Ó ń wá ọ̀nà àtijáde, kò rí i, abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló sì tutù sí díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí hóró inú rẹ̀ fi tóbi débi pé ojú lásán ń rí i. Òjò àti ẹ̀fúùfù ló wá ń bó ilẹ̀ tó bò ó, títí orí rẹ̀ fi yọ síta.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ṣì ń yọná, kó kọjá sí Kamẹrúùnù. Òkè ibẹ̀ ga ju 4,000 mítà lọ. Ó yọná ní 1999, àpáta yíyọ́ rẹ̀ sì ṣàn gba orí títì etí òkun kọjá nítòsí Bakingili. Ó tún yọná ní 2000. Láti Buea ni àwọn afinimọ̀nà ti ń mú àlejò gùn ún, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń lò. Ìrìnàjò Ìdànrè kò le tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba ló dá ìrìnàjò afẹ́ Ìdànrè sílẹ̀. Ogun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kòkó ló sì sọ ọ́ di ohun tó dà lónìí. Àwọn ará Ìdànrè ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, tí wọ́n sì tẹ ìlú dó sáàárín àwọn àpáta lókè. Ta ni yóò gun irú ibẹ̀ wá kó wọn lẹ́rú? Àwa ará Orè mọ ohun tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń fojú ẹni rí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra ya wọ ibí ní oṣù Kẹjọ 1967, kò sí òkè tí ẹnikẹ́ni lè sá gùn. Ẹnu wa kò tíì kúrò nínú “ó le kú, ìjà Orè”.

Ká padà sí Ìdànrè: nígbà tí ogun akónilẹ́rú àtijọ́ rọlẹ̀, tí kòkó sì ń mówó wọlé, ta ló tún fẹ́ máa ru àpò kòkó gun àpáta? Nǹkan bí 1923 ni ìlú sọ̀ kalẹ̀. Odode, Aládé àti Atoṣin wá kún nísàlẹ̀. Ààfin Ọwá, kóòtù àtijọ́ àti àwọn ojúbọ ṣẹ́kù sókè. Ìlú tó ṣófo yìí gan-an ni àlejò ń sanwó lọ wò.

Àtẹ̀gùn tó lọ síbẹ̀ lé ní 600. Iye tí ẹnì kan kà kì í sábà bá ti ẹnìkejì mu. Èmi rò pé mímí gúlegúle ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣìṣirò. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ojú kì í sì í ti ẹni tó bá jókòó. Lókè, afinimọ̀nà yóò fi ojú ẹsẹ̀ Agboogun, ẹni inú ìtàn àtijọ́ Ìdànrè, hàn yín nínú àpáta. Wọ́n ní gbogbo ẹsẹ̀ ló bá a mu, àfi ti àjẹ́. Mo ti rí i pé kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nítorí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ má ju mẹ́wàá lọ: bí èrò bá pọ̀, ẹni ẹ̀yìn kò ní gbọ́ nǹkan kan, fọ́tò nìkan ni yóò gbé bọ̀.

Ní 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO, orí àkójọ àwọn tó ń retí àyẹ̀wò ló sì wọ̀. Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ayẹyẹ Mare polongo rẹ̀ fún àwọn agunkè láti òkèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má lọ lásìkò òjò, nítorí àpáta tó tutù a máa yọ̀. Inú ọyẹ́ náà, kùrukùru kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ọ̀nà jíjìn. Oṣù Kọkànlá ló dára jù. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì bá afinimọ̀nà sọ owó tirẹ̀ kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.