Ẹ Má Fi Iná Pákó Sùn

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fi ẹ̀rọ CNC, tí kọ̀ǹpútà ń darí, gé pákó, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí irin ẹ̀rọ náà kò bá mú mọ́, tàbí tó ń yí lójú kan, ṣe ló máa ń ha pákó lára, á sì gbóná. Ẹyin iná bíńtín lè wọ inú àpò tí lẹ́búlẹ́bú pákó ń kó sí, kó máa jó lábẹ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kó tó ràn lóru.

Ẹ sọ fún un pé kó má fi ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ lọ jẹun. Kó tó ti ṣọ́ọ̀bù, kó da lẹ́búlẹ́bú náà sínú garawa onírin tó ní ìdérí, níta. Iná kò ní jó wa o.