Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ìwé Ẹ̀rí Irin, Ṣé Òtítọ́ Ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irin láti Ìyànà Iyesi títí dé Ṣàngó, ní Ọ̀tà ọmọ Àwórì, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í ti í sinmi ní ojú ọ̀nà Ìdírókò, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ìwé kan wò, èyí tí ilé iṣẹ́ tó yọ́ irin fi ń jẹ́rìí sí agbára rẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Irin Ògún Lákáayé kì í purọ́. Ènìyàn ni í fi ìwé purọ́ mọ́ ọn.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè pa ọjọ́ àtijọ́ tó wà lórí ìwé náà rẹ́ kí ó kọ tuntun, nítorí náà ni ẹ̀dà orí WhatsApp kò ṣe é gbọ́kàn lé. Nọ́ńbà ìyọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, èyí tí a fún irin tí a yọ́ pọ̀ nínú ìléru lẹ́ẹ̀kan náà: bí kò bá bá ti orí àmì tí wọ́n so mọ́ ìdì irin mu, ìwé náà lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ti irin mìíràn ni. Kí ẹ wá fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà gan-an, ní àdírẹ́sì tí ẹ fúnra yín wá rí, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wo ara irin fún àmì ilé iṣẹ́ tí SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n máa tẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n: rọ́ọ̀dù onímìlímítà 12, tó gùn ní mítà 12, yẹ kó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 10.7, bí ó bá fúyẹ́ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Ẹni tó ń ná mílíọ̀nù sórí ilé alájà kò gbọdọ̀ ṣahun owó láàbù tí wọ́n ti ń dán irin wò: kí ó gé lára irin náà lọ síbẹ̀, kí wọ́n fà á títí yóò fi já, kí a sì fi èsì rẹ̀ wé ti ìwé àti ìlànà NIS 117 ti SON.