Àlejò Ni Wá Nínú Igbó Gashaka-Gumti

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ fi ìpínlẹ̀ Taraba ṣe ilé, bí òjò bá ti dá, tí ọ̀nà gbẹ, àwọn ọ̀dọ́ wa a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn fẹ́ lọ gun Chappal Waddi, kí àwọn sì sùn sínú igbó fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Àwọn òbí a ní kí ló dé, ṣé ọdẹ ni wọ́n ni? Ní tiwa, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kí ẹni tó bá máa lọ mọ ibi tó ń lọ, kó sì mọ ipò tó wà níbẹ̀. Àlejò ni.

Igbó ọba Gashaka-Gumti ló tóbi jù lọ nínú àwọn igbó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹranko. Ọdún 1991 ni wọ́n sọ ọ́ di èyí tó jẹ́ lónìí. Ìlú méjì ló jẹ́ orúkọ wọn: Gashaka ní Taraba níbí, àti Gumti ní Adamawa. Ilẹ̀ rẹ̀ ju 6,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Bí a bá gbé gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó síbẹ̀, àyè á ṣì kù. Chappal Waddi tó wà níbẹ̀ ga tó 2,419 mítà, kò sì sí òkè tó ga tó o ní Nàìjíríà.

Ní Serti, níbi tí ọ́fíìsì igbó náà wà, ènìyàn lè rí yàrá sùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ inú òkè lọ, ó parí nìyẹn. Kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú wa la máa pàgọ́ sí, ohun tí a bá gbé lẹ́yìn nìkan la sì ní.

Ẹ má tìtorí pé ẹ kò rí ilé kí ẹ rò pé ibẹ̀ kò lólúwa. Àwọn Jámánì kọ́ ilé ológun sórí òkè kan ní Gashaka nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ibẹ̀; àwókù rẹ̀ ló kù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn náà sì lọ. Ní ọdún 1961, àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé Nàìjíríà làwọn máa bá lọ. Gbogbo àwọn àlejò yìí wá, wọ́n lọ, wọ́n bá onílé níbẹ̀, wọ́n fi onílé sílẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, àwọn Fúlàní darandaran ní abúlé láàárín igbó náà. Nítorí náà, ìwé àṣẹ la ó kọ́kọ́ gbà ní Serti, a ó sì mú ẹ̀ṣọ́ igbó kan dání. Ẹ bi í bóyá ọ̀nà dára, ẹ sì gba ohun tó bá sọ. Bí a bá dé abúlé, ẹ jẹ́ ká kí baálé wọn ká tó já ẹrù sílẹ̀. Àwa tí a ń gbé lọ́dọ̀ onílẹ̀ mọ ìwúlò ìkíni.

Òtútù ni ohun àkọ́kọ́ tó ń dẹ́rù ba àlejò. Bí a bá ti gòkè tó 1,000 mítà, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń làágùn ní Serti lè máa gbọ̀n lórí òkè lóru ọjọ́ kan náà. Ẹ mú aṣọ òtútù, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ. Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ, ẹ má sì pàgọ́ sínú ipa odò gbígbẹ. Òjò lè rọ̀ lókè kí omi rẹ̀ ya bá ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀, tí ẹ̀kán kan kò kán lé lórí.

Ọ̀rọ̀ iná le jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko orí òkè a gbẹ bí ìwé. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá fọwọ́ sí iná, ẹ má dá a. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ẹ ro ilẹ̀ yí i ká, kí iná náà má tóbi. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó pọ̀, ẹ tún da omi sí i, kí ẹ wá fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá ṣì gbóná, kò tíì kú. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n iná igbó kì í tọ ẹni tó dá a nìkan: koríko màlúù onílé ló ń jẹ, ilé ẹranko ló ń jó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí èyí tó kàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kó rìn jìnnà tó àádọ́rin ìṣísẹ̀ sí odò, kó gbẹ́ ihò tó jìn tó láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, kó sì bò ó dáadáa. Ẹ má fi ọṣẹ wẹ̀ nínú odò. Omi òkè wọ̀nyí ló ń lọ sínú odò Taraba, tí ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Odò Taraba ń wọ Benue, Benue sì ń bá Odò Ọya pàdé ní Lokoja. Ẹnìkan ń pọn ohun tí a bá dà síbẹ̀ mu. Ẹ̀yin náà, ẹ se omi tí ẹ bá pọn kí ẹ tó mu ún.

Irú ìnàkí kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ọ̀fìnkìn tí yóò fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta lè pa wọ́n. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó dúró sílé. Ẹ má fún ẹranko kankan lóúnjẹ, ẹ má sì fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú àgọ́. Ọ̀rá àti agolo tí a gbé lọ, ẹ jẹ́ ká gbé e padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ọ̀nà tí ọmọ yín ń gbà, ta ló ń tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ tó máa dé, nítorí fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láàárín òkè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń tú àgọ́ láàárọ̀, ẹ wẹ̀yìn wo ibi tí ẹ sùn. Bí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò bá mọ̀ pé ènìyàn sùn níbẹ̀ rí, ẹ ti ṣe àlejò ire.