Ààlà Ni Kí Ẹ Wò

Àgbọ̀n ọmọ wú, kò dùn ún, eyín rẹ̀ kò sì jẹrà. Ará ilé kan á ní eyín ló fẹ́ hù, òmíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Ọkàn dókítà eyín máa ń lọ sí àìsàn méjì tó rọrùn láti ṣì fún ara wọn: fibrous dysplasia àti ossifying fibroma. (Ameloblastoma wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ lórí X-ray, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.)

Fibrous dysplasia, tí Lichtenstein sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1938, kì í ṣe kókó tó hù sára eegun. Eegun fúnra rẹ̀ ni kò gbó bó ṣe yẹ, tí ẹran onífọ́nrán wá gba ipò rẹ̀. Àyípadà nínú jíìnì GNAS ló ń fà á, inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún ti dúró. Nítorí náà, bàbá tàbí ìyá kò jẹ̀bi, ẹni tó ní in kì í sì í bí i mọ́ ọmọ. Ossifying fibroma ní tirẹ̀ jẹ́ kókó gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Bí wọ́n bá gé díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá àyẹ̀wò, nǹkan kan náà ni máíkírósíkóòpù lè fi hàn: ẹran onífọ́nrán tí eegun wẹ́wẹ́ fọ́n ká inú rẹ̀. Dókítà tó gba ègé bíńtín láìsí fọ́tò X-ray kò lè búra. Lójú tèmi, kò tilẹ̀ yẹ kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ààlà, ibi tí àìsàn ti pàdé eegun tó dáa, ni ẹjọ́ wà, ègé bíńtín kì í sì í sábà ní ààlà nínú.

Lórí X-ray tàbí CT, fibrous dysplasia máa ń rí bíi gíláàsì fèrèsé balùwẹ̀, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tí kò jẹ́ ká rí ẹni tó wà nínú. Ẹ lè wá etí rẹ̀ tì: ó ti wọnú eegun tó dáa lọ. Eegun náà nípọn, àmọ́ ó ṣì ní ìrísí ara rẹ̀. Ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ó lè ti ihò tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá lọ sókè, ohun tí kókó gidi kì í sábà ṣe. Etí ossifying fibroma hàn gbangba. Ó máa ń rí roboto, ó ń ti eyín kúrò láyè, ó lè jẹ gbòǹgbò eyín, bó bá sì tóbi, etí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n á tẹ̀ wálẹ̀.

Ọjọ́ orí náà ń jẹ́rìí. Fibrous dysplasia sábà ń bẹ̀rẹ̀ léwe, ní àgbọ̀n òkè. Ossifying fibroma máa ń mú obìnrin tó ti lé ní ogún ọdún jù, ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi ossifying fibroma kan wà tó ń mú ọmọdé, tó sì ń yára dàgbà, nítorí náà ẹlẹ́rìí yìí lè ṣini lọ́nà. Àyẹ̀wò jíìnì GNAS, níbi tó bá wà, lágbára jù ú lọ: bí wọ́n bá rí àyípadà náà, fibrous dysplasia ló tọ́ka sí, bí wọn kò bá rí i, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, nítorí kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní in.

Èwo wá ni àṣìṣe tó wúwo jù? Ẹni tó pe fibrous dysplasia ní ossifying fibroma lè gé eegun ọmọ tí àìsàn rẹ̀ ì bá rọlẹ̀ bó bá dàgbà tán, tí fífá díẹ̀ ì bá sì tó. Ẹni tó ṣe òdìkejì rẹ̀ á máa dúró de ohun tí kò ní dúró dè é, títí ojú aláìsàn á fi wọ́. Bí ààlà kò bá yé wa, ìdúró ni èmi á yàn: X-ray tí wọ́n ń tún yà lè tú àṣìṣe yẹn fó, ṣùgbọ́n eegun tí wọ́n ti gé kì í padà bó ṣe wà. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ kò gbọ́dọ̀ kan fibrous dysplasia, nítorí ó lè sọ ọ́ di jẹjẹrẹ. Bí fibrous dysplasia bá dé eegun ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn kò ní àyè ìdúró. Ṣùgbọ́n bí eegun tó nípọn bá kàn yí iṣan ojú ká, tí aláìsàn sì ń ríran dáadáa, àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í sáré là á mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á máa yẹ ojú wò látìgbàdégbà ni.