Nígbà Tí Àìsàn Bá Da Orí Àgbàlagbà Rú

Ẹ ń bi wá léèrè nípa àwọn àgbàlagbà inú ilé, pàápàá àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ìdáhùn wa nìyí.

Ìbéèrè 1: Ìyá ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lánàá ló dédé ń bá àwọn tó ti kú sọ̀rọ̀, kò sì mọ orúkọ mi mọ́. Àwọn kan ní àjẹ́ ló fẹ́ jẹ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó bá dé lójijì báyìí, àìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó lè jẹ́ ibà, òtútù àyà, tàbí kòkòrò tó wọ ojú ilé ìtọ̀. Àwọn dọ́kítà mọ̀ ọ́n dáadáa, delirium ni wọ́n ń pè é. Arán yàtọ̀ sí i. Arán máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún. Èyí tí à ń sọ yìí, láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ díẹ̀ ló ń dé. Ó lè fúyẹ́ láàárọ̀, kó tún le lálẹ́. Tí ẹ bá gbé màmá lọ síbi tí wọ́n á ti ní kó jẹ́wọ́, àìsàn tó ń bá a jà á máa pọ̀ sí i, ó sì lè pa á.

Ìbéèrè 2: Ara ni àìsàn wà, báwo ló ṣe dé orí?

Ìdáhùn: Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò jà. Tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti iṣan. Ọpọlọ náà ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, orúkọ wọn ni microglia. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí wà lára ohun tó ń mú kí oúnjẹ má wu aláìsàn, kó máa sùn, kó má fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ara ń tọ́jú agbára rẹ̀ fún ìjà ni. Lára ọ̀dọ́, tí ìjà bá parí, ẹ̀ṣọ́ á sinmi. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń dàgbà, wọ́n á dà bí ọdẹ alẹ́ tí ẹ̀rù ń bà: ewé kan já, ó ti yìnbọn. Ìjà wọn á le, á sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ìyẹn ló ń da iyè àgbàlagbà rú. Ẹ tún kíyè sí i: ara àgbàlagbà lè má gbóná rárá, kí àìsàn ńlá sì wà níbẹ̀. Ìwà tó yí padà lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí.

Ìbéèrè 3: Kí ló kan HIV níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó kàn án púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí HIV bá wọ ara ló ti ń dé inú ọpọlọ. Ẹni tí kò bá lo oògùn, ẹ̀ṣọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò ní sinmi. Ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn ARV, ọdún 2006 ló di ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Ọpẹ́ ni! Ẹni tó ń lo oògùn déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹnìkejì nípa ìbálòpọ̀. Síbẹ̀, ìjà díẹ̀ lè ṣẹ́ kù nínú ọpọlọ, ọjọ́ orí á sì fi tirẹ̀ kún un. Bàbá tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, tí kò ṣi okùn kà rí, lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í kà. Ìyá lè máa gbàgbé oògùn. Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì, torí oògùn tí a gbàgbé ń fún kòkòrò láyè láti gbérí.

Ìbéèrè 4: Ṣé gbogbo arúgbó ló máa ṣarán ni?

Ìdáhùn: Rárá. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, jọ ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Èsì jáde ní 2001. Nínú 1,000 àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn, bíi 14 ni àrùn arán ń mú lọ́dún kan. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, bíi 32. Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé "ogbó ni."

Ìbéèrè 5: Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn:
- Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.
- Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo àti oògùn kẹ́mísì. Piriton lásán lè da orí arúgbó rú.
- Ẹ béèrè àyẹ̀wò ibà, ṣúgà àti ìtọ̀. Tó bá gbà, kí wọ́n ṣe ti HIV náà. Àgbà kò ní kó má ní in.
- Ẹ fún un lómi mu, pàápàá lásìkò ọyẹ́.
- Kí ẹni tó mọ̀ dáadáa jókòó tì í, kí iná wà nílé lálẹ́. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má nà án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i pé ojú màmá ti yàtọ̀. Ẹ má dákẹ́.