Ojú Títì Láàrin Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ohun tí ó sábà máa ń wà lọ́kàn wa ni pé bí ènìyàn bá gba ibì kan tí kò já, kí ó gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ojú títì kan wà ní ìlú Èkó tí ó ń fi òwe náà hàn gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti pa á gan-an. Òun ni èyí tí ó so Àpápá pọ̀ mọ́ Ajégúnlẹ̀.

Aládùúgbò ni àdúgbò méjèèjì, ṣùgbọ́n ìrísí wọn kò jọra. Ní ọdún 1921 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté sí Àpápá, kí ọkọ̀ òkun ńláńlá lè máa sún mọ́ etí ilẹ̀ láti já ẹrù. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, àjọ tí ìjọba yàn láti tún ìlú Èkó ṣe la títì gbòòrò síbẹ̀, ó sì pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti fún ilé gbígbé tí ọgbà yí ká. Ajégúnlẹ̀ kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà pọ̀ níbẹ̀, owó ilé kò sì ga. Nítorí náà ni àwọn tí ń ru ẹrù ní èbúté àti àwọn òṣìṣẹ́ Àpápá ṣe fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn Ìlàjẹ kò sì gbẹ́yìn nínú wọn; bẹ́ẹ̀ ni Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá. Ìrètí gbogbo wọn wà nínú orúkọ àdúgbò náà: ajé gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ti í gúnlẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àdúgbò méjèèjì ti nílò ara wọn, kí ó lọ dúró ní Boundary, níbi tí wọ́n ti pààlà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Yóò rí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ń ti Ajégúnlẹ̀ jáde bí omi tí ń ṣàn lọ sódò. Alágbàṣe ń lọ, alásè ru ìkòkò ẹ̀wà, akọ̀wé kó bàtà rẹ̀ dídán sínú ọ̀rá nítorí ẹrẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ Márúwá ń fọn fèrè, ọmọ ọkọ̀ dánfó ń pe èrò, alákàrà ti gbé agbada kaná. Èdè Píjìn ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ná ọjà, nítorí òun ni gbogbo wọn jọ gbọ́. Àwọn ọmọ iléèwé a di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n tó sáré kọjá. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, omi náà a tún ṣàn padà, ọjà Boundary a sì kún.

Láàrin àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni tírélà ti ń rìn. Kí ni ó kó wọn jọ síbẹ̀? Ìdí mẹ́ta pàtàkì ni ó wà. Èkíní, ẹrù pọ̀ ju àyè lọ. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba ra símẹ́ńtì tó bẹ́ẹ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun fi tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú omi láìrí ibi já ẹrù. Ní ọdún 1977 ni a ṣí èbúté Tin Can Island. Ó tu Àpápá lára lójú omi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Àpápá náà ni ó wà, ó sì tún fi ẹrù kún ti ojú títì. Èkejì, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀yìn, ẹrù tí ó yẹ kí ó gba ojú irin bọ́ sójú títì. Ẹ̀kẹta, ibùdó tírélà kò tó, ojú títì sì di ibi tí awakọ̀ ti ń dúró de àkókò rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2019, ìlà tírélà ti gun orí afárá, àwọn awakọ̀ a sì máa sùn sínú ọkọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Òtítọ́ ni pé ibi tí tírélà bá dúró sí, ibẹ̀ ni olómi tútù àti ẹlẹ́wà àgànyìn ti ń rí tà. Ṣùgbọ́n èrè wọn kò tó àdánù àwọn yòókù. Bí alágbàṣe bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, a ti gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀, ìdílé rẹ̀ a sì sun oorun ebi. Ewu sì tún wà níbẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀nténà ní ihò, tírélà sì ní irin tí ó yẹ kí a tì bọ inú àwọn ihò náà. Bí awakọ̀ bá fi ìwàǹwára gbàgbé irin yìí, tí táyà rẹ̀ sì kó sí kòtò, kọ̀nténà lè ré lulẹ̀, kì í sì í yan ẹni tí yóò wó lù.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni ètò tuntun bẹ̀rẹ̀, pé kí tírélà dúró sí ibùdó títí a ó fi pè é. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ẹ̀ka rẹ̀ wọ èbúté Àpápá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni a ṣí èbúté mìíràn sí Lẹ́kí. Ohun kan náà ni gbogbo èyí ń wá: kí ọ̀nà má baà jẹ́ ẹyọ kan.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láìsí Ajégúnlẹ̀, ta ni yóò ru ẹrù Àpápá? Láìsí Àpápá, níbo ni Ajégúnlẹ̀ yóò ti jẹun? Nítorí náà, ẹni tí ó bá tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe, ilé méjì ni ó tún ṣe. Èbúté ni ajé ń gúnlẹ̀ sí. Ọ̀nà ni yóò gbà dé ilé ẹni tí ó rù ú.