Ta Ni Ó Ní Àṣẹ Láti Rán Ọmọ Ogun Wa Lọ Jà Lẹ́yìn Odi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí ó sọ pé ogun yá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́, ló gbà pé níwọ̀n ìgbà tí Ààrẹ ti jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ wa, ohun tó bá ti sọ nípa ogun, abẹ gé e nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi okùn so Ààrẹ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a jọ wo bí okùn náà ṣe rí, ibi tí ó ti le, àti ibi tí ó ti dẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Apá karùn-ún Ìwé Òfin náà ni ọ̀rọ̀ yìí wà, ohun mẹ́ta ni ó sì sọ.

Èkíní, Ààrẹ kò gbọdọ̀ kéde ogun láàrin Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi bí Ilé Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojú-ṣòfin bá jókòó pọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Èkejì, bí kò tilẹ̀ sí ìkéde ogun rárá, a kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun kankan lọ jà lẹ́yìn odi Nàìjíríà láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin Àgbà ti kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí "kọ́kọ́" yẹn dáadáa. Ìyọ̀ǹda ni ó ṣáájú, lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò.

Ẹ̀kẹta ni ti pàjáwìrì. Bí Ààrẹ bá rí i pé ewu ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sórí ààbò ilẹ̀ wa, ó lè fikùn lukùn pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-èdè, kí ó sì rán ọmọ ogun jáde fún ìjà tí ó ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n láàrin ọjọ́ 7 tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tọ Ilé Aṣòfin Àgbà lọ fún ìyọ̀ǹda. Àwọn náà ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀.

Ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì

Ìwé Òfin ọdún 1979 náà ti fi irú ìdènà yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ilé aṣòfin di títì pa. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida rán àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Liberia lábẹ́ ECOMOG ní oṣù Kẹjọ 1990, kò sí aṣòfin kankan tí wọ́n bi léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ayé Ọ̀gágun Abacha, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa lé àwọn ológun kúrò ní Freetown ní ọdún 1998, tí Ààrẹ Tejan Kabbah fi padà sórí oyè ní Sierra Leone. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a kò lè sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló bá a lọ, àwọn òbí tó bí wọn kò sì ní aṣojú kankan tó lè dìde bèèrè pé, "Èéṣe? Títí di ìgbà wo?"

Ti orílẹ̀-èdè Niger, ọdún 2023

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ológun fipá gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní orílẹ̀-èdè Niger. ECOWAS, tí Ààrẹ Bola Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè fi agbára ológun gbà á. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Ààrẹ kọ lẹ́tà sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Ó to àwọn ìgbésẹ̀ tí ECOWAS fẹ́ gbé lẹ́sẹẹsẹ, lílo ọmọ ogun sì wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa tí a wà ní Òkè Ọya. Ìpínlẹ̀ 7 ni ó bá Niger pààlà: Kebbi, Sokoto, Zamfara, Katsina, Jigawa, Yobe àti Borno. Àwọn ọmọ Yorùbá ń ṣòwò níbẹ̀, wọ́n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Ìbọn tí a bá yìn ní ẹnubodè, ilé wa ni a ó ti gbọ́ ọ. Àwọn aṣòfin láti àríwá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kígbe síta.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Sátidé, Ilé náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí ṣèpàdé. Nígbà tí wọ́n jáde, Ààrẹ Ilé náà, Godswill Akpabio, sọ pé wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìfipágbàjọba náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìjíròrò ni kí ECOWAS tọ̀. Ó fi kún un pé Ààrẹ kò tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n fún òun láṣẹ ogun. Bó ti wù kí a túmọ̀ lẹ́tà náà, àṣẹ ogun kò jáde. Gbèdéke pé lọ́jọ́ kejì, Nàìjíríà kò sì wọ Niger. Òótọ́ ni pé Bazoum kò padà sórí oyè, àti pé Niger jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní 2025. Gbogbo ìpinnu ló ní ohun tó ń náni.

Ti Benin, ọdún 2025

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, àwọn ológun kan gbìyànjú láti gba ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ní Benin. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Benin tún ju ará ilé lọ fún wa, nítorí ọmọ ìyá wa ni àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Ìjọba Benin bẹ Nàìjíríà fún ìrànlọ́wọ́, Ààrẹ Tinubu sì rán bàálù ogun wọlé lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni ó kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní ọjọ́ 9, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ogun lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ní 2023, lẹ́tà ṣáájú. Ní 2025, bàálù ṣáájú, ìyọ̀ǹda tẹ̀ lé e.

Ibi tí okùn ti dẹ̀

Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a la ojú wa sí. Ta ni ó ń pinnu pé ewu ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀? Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni. Kí ni a ń pè ní ìjà? Òfin kò túmọ̀ rẹ̀, nítorí náà ìjọba lè sọ pé iṣẹ́ ìpẹ̀tùsíjà ni àwọn ọmọ ogun bá lọ.

Èyí tó burú jù ni pé bí Ilé Aṣòfin Àgbà bá kọ̀ nígbà tí ọmọ ogun ti wà lójú ìjà, apá yìí kò sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà wálé. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1973, lójú àìfẹ́ Ààrẹ Nixon, kò ní kí Ààrẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ nígbà gbogbo bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ó ní kí ó sọ fún àwọn aṣòfin láàrin wákàtí 48, bí wọn kò bá sì gbà, kí ìjà dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ 60, pẹ̀lú ọjọ́ 30 sí i fún kíkó ọmọ ogun padà. Òfin tiwa mọ bí a ṣe ń jáde nílé. Tiwọn mọ bí a ṣe ń padà. Ó yẹ kí tiwa mọ méjèèjì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tí wọ́n ń rán lọ sójú ogun, ọjọ́ orí wa ni wọ́n. Aṣòfin àgbà 109 ni ó wà ní Abuja, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta. Ǹjẹ́ ẹ mọ tiyín? Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tún dé iwájú wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dìbò fún. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.